Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Wù Yín Láti Ọkàn Wá

Ìbéèrè kan ò yéé wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé l'Ábẹ́òkúta níbí: "Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n?" Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán ní girama ń bi mí, akẹ́kọ̀ọ́ MAPOLY ń bi mí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń tajà ní Kútọ̀ náà bi mí. Ohun kan náà ni mò ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ dìde lórí ìjókòó. Ìrònú nìkan kò lè sọ ohun tó wu èèyàn fún un. Ìdí iṣẹ́ ló ti ń hàn, pàápàá níbi tí iṣẹ́ náà ti ń súni, tó ń dun ẹ̀yìn, tí kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Bí ẹ bá lè fara da ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ń lé yín, iṣẹ́ náà wù yín. Bó bá jẹ́ pé ibi tó dùn níbẹ̀ nìkan lẹ fẹ́, ìran lẹ̀ ń wò.

Nítorí náà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí máa gbà lọ́wọ́ yín jù.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré kan àti bírò. Fóònù náà ṣe é lò, ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu.
- Nǹkan bí oṣù 2. Kò gba gbogbo ọjọ́. Wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ti tó.
- Ẹni mẹ́ta tó ti mọ̀ yín tipẹ́.
- Owó díẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá ṣòfò, ebi ò ní pa yín, ẹ ò sì ní jẹ gbèsè.

Ẹ ka èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má fi iṣẹ́ tó ń bọ́ yín sílẹ̀. Ẹ má sanwó ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ má tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan títí ẹ ó fi parí Ìgbésẹ̀ 5.

Ohun kejì ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2 tí ohunkóhun ò dùn mọ́ yín mọ́, tí oorun yín dàrú, tí oúnjẹ ò wù yín, tí ara yín wúwo látàárọ̀ dalẹ́, ẹ gbé ìtọ́sọ́nà yìí tì ná, kí ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn Aro wà ní ìlú wa níbí láti 1954, iṣẹ́ wọn sì nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń sá fún orúkọ Aro nítorí ohun tí aládùúgbò máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìjú. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Bó bá sì ń ṣe yín bíi kí ẹ pa ara yín, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 2 kankan. Ẹ pe ẹnì kan lónìí, kó tẹ̀ lé yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ bí ọjọ́ yín ṣe ń lọ sílẹ̀ (ọ̀sẹ̀ 2)

1. Lálaalẹ́ kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà tí ẹnikẹ́ni ò rán yín.
2. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe tí ẹ ò fi mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú.
3. Ẹ kọ ibi tí owó ọwọ́ yín àti dátà yín gbà lọ.
4. Ẹ kọ ohun tó bí yín nínú débi pé ẹ fẹ́ kí ẹnì kan tún un ṣe.

Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò torí pé kò jọ iṣẹ́. "Mo di irun ọmọ àbúrò mi" jẹ́ nǹkan. "Mo parí ìjà láàárín ìyá onílé àti ayálégbé rẹ̀" jẹ́ nǹkan, nǹkan ńlá ni pẹ̀lú.

Lórí dátà, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó wo fídíò oúnjẹ lóru mọ́jú tí kò sì dá iná lọ́jọ́ kejì, wíwò ló wù ú. Èyí tó wo ẹyọ kan, tó wá sáré lọ ra rodo àti tàtàṣé láti dán an wò, ẹ sàmì sí ìyẹn.

Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ fo nọ́ńbà 4 yẹn, wọ́n rò pé ohun tó ń dùn mọ́ni nìkan ló yẹ ká wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Olùkọ́ ni. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1932, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni. Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, ẹnu wọn ló sì ti gbọ́ ohun tí owó orí ń fojú wọn rí. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti di ti gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá, ìjà wọn lórí owó orí sì le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Ohun tó ń bí èèyàn nínú lójoojúmọ́, tí kò sì lè gbójú fò dá, àmì gidi ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta

Ẹ má bi wọ́n pé "Iṣẹ́ wo lẹ rò pé ó yẹ mí?" Ohun tí wọ́n fẹ́ fún yín ni wọ́n máa fi dáhùn. Ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ni kí ẹ bi wọ́n:

- Kí ni mo máa ń ṣe ní kékeré tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe?
- Bí kí ni bá ṣẹlẹ̀ lẹ máa ń pè mí?
- Ọ̀rọ̀ kí ni mo máa ń sọ títí tó fi ń sú yín?

Ẹ bi ìyá yín ní "Màámi, kí ni mo máa ń ṣe ní kékeré tí ẹ ò rán mi?", kí ẹ wá dákẹ́. Ó lè rẹ́rìn-ín ná. Ó lè ní, "Ìwọ? Rédíò bàbá ẹ lo máa ń tú. Wàá tú u, wàá tò ó padà, nǹkan kan á ṣẹ́ kù sílẹ̀, rédíò ọ̀hún á sì máa sọ̀rọ̀." Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹnjiníà" lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé títú nǹkan palẹ̀ ló wù yín, ẹni tó ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹni tó ń tú ìṣirò ilé iṣẹ́ wò láti mọ ibi tí owó ti ń jò, ìyẹn náà ló ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya tiyín sọ́tọ̀ kúrò lára tàwọn ẹlòmíràn

Ìwé yín á ti ní bí ohun 10 nínú báyìí. Ẹ fi ìbéèrè wọ̀nyí yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan:

- Bí ẹnikẹ́ni ò bá ní mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é, ṣé màá ṣì ṣe é?
- Ṣé iṣẹ́ náà ni mo fẹ́, àbí kí wọ́n máa pè mí ní dókítà, ní lọ́yà, ní ọ̀gá?
- Bí owó rẹ̀ ò bá ju ohun tó ń wọlé fún mi báyìí lọ, ṣé màá ṣì máa bá a lọ?

Ẹ ṣẹ́ ẹ kù sí 3.

Ilé kan náà lè bí ọmọ tí ohun tó wù wọ́n yàtọ̀ pátápátá. Fẹlá olórin, ọmọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n bí l'Ábẹ́òkúta ní 1938, ìmọ̀ ìṣègùn ni ẹbí rẹ̀ tìtorí rẹ̀ rán an lọ sí London ní 1958. Ilé ẹ̀kọ́ orin ló wọ̀. Olikoye ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di dókítà, Beko àbúrò rẹ̀ di dókítà, àwọn méjèèjì sì fi iṣẹ́ náà sin ìlú. Mo ń sọ èyí fún ẹni tó rò pé ohun tí òbí bá fẹ́ gbọ́dọ̀ burú kó tó lè jẹ́ pé kì í ṣe tiẹ̀. Iṣẹ́ dáadáa lè wà tí kì í ṣe tiyín.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lọ wo iṣẹ́ náà níbi tó ti nira jù

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì wúlò jù. Ẹ jẹ́ kí n fi àdìrẹ ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ẹnì kan á sọ fún mi pé àdìrẹ wu òun.

Bí ẹ bá lọ sí Ìtòkú, tí ẹ dúró síbi tí aṣọ kọ́ lóríṣiríṣi, búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, àwọ̀ ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, ó dájú pé á wù yín. Ta ni kò ní wù? Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kí ẹ débẹ̀ láàárọ̀. Ẹ máa bá ẹnì kan tó ti jókòó sórí àpótí, tó ń fi ìko di aṣọ níkókó níkókó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdì lára aṣọ ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ ní láti le dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró á wọlé. Lápá kejì, wọ́n ń yọ́ àbẹ́là lórí iná, wọ́n ń ti fóòmù tí wọ́n gé bọnu rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ó ń ta sí wọn lọ́wọ́. Nídìí aró, kọ́sítíìkì ń ta sí imú, ẹni tí kò wọ ìbọ̀wọ́ á rí i lára. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná láti yọ àbẹ́là, fífọ̀ àfọ̀túnfọ̀, sísá sóòrùn, kí òjò má sì ṣú. Ẹ wo ìka ọwọ́ wọn: àwọ̀ aró ti wọ abẹ́ èékánná, fífọ̀ ò sì mú un lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n fún wákàtí 3, kí ẹ wá bi ara yín: ṣé ó ń ṣe mí bíi kí n gbà á lọ́wọ́ wọn kí n dì í, àbí ojú aago ni mò ń wò?

Ìdáhùn yẹn péye ju gbogbo ohun tí ẹ ti ń rò láti ọdún yìí wá lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

1. Ẹ lọ kí wọn lọ́jọ́ kan ṣáájú. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé ẹ fẹ́ wá wòran iṣẹ́, ẹ ò wá kọ́ṣẹ́. Ẹ kí aláró ní "Àrẹ̀dú o", ẹ máa rí i bí ojú wọn ṣe máa là.
2. Ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún ń bọ̀. Wọn ò ní ráyè tiyín.
3. Ẹ bá wọn pọnmi, ẹ bá wọn gbálẹ̀. Ẹ ra nǹkan kékeré lọ́wọ́ wọn.
4. Ẹ bi wọ́n léèrè mẹ́ta péré: "Mà, èwo ló ń sú yín jù nínú iṣẹ́ yìí?" "Kí ni ẹ máa ń ṣe nígbà tí ọjà ò bá tà?" "Irú ọmọṣẹ́ wo ni kì í lè gbà á?"
5. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹ tó délé.

Ẹni tó bá ní ìdáná òde àríyá wu òun, kó lọ bá wọn fọ ìkòkò lẹ́yìn òde. Ẹni tó ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, kó lọ sóko lásìkò òjò nígbà tí koríko bá ń bá ọ̀gbìn jà. Ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ní iṣẹ́ rédíò wu òun, kó wádìí ìgbà tí olóòtú ètò àárọ̀ ń jí.

Bó bá jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti ń ṣe ohun tó wù yín, ẹ wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Laderin, ẹ lọ wò ó. Ẹ yẹ àkókò ọkọ̀ wò kí ẹ tó kúrò nílé, ní àlọ àti ní àbọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dán an wò ní kékeré (ọ̀sẹ̀ 4)

Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yẹn. Òfin rẹ̀ ò pọ̀:

1. Ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, wákàtí 2 lójúmọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ìtara máa ń tanni jẹ.
2. Ẹ dá iye owó tí ẹ máa ná lé e kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá tán, ó tán.
3. Ẹ gbọ́dọ̀ parí nǹkan kan tó ṣe é fọwọ́ kàn.
4. Ẹ gbé e fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí yín kó lò ó, kó sì sọ òótọ́.

Àpẹẹrẹ:

- Iṣẹ́ télọ̀: ẹ rán àpò ìrọ̀rí 4. Ẹ má fọwọ́ kan aṣọ ẹnì kankan.
- Ìwé kíkọ: ojú ewé 1 lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan kà á sókè níwájú yín.
- Olùkọ́: ẹ mú ọmọ aládùúgbò kan tí ìyọkúrò ń dà láàmú. Ọmọ kan ṣoṣo.
- Iṣẹ́ àgbẹ̀: ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì mélòó kan lẹ́yìnkùlé. Bí ọ̀sẹ̀ 4 ló máa gbà kó tó ṣe é jẹ, ó bá àkókò yín mu.
- Kọ̀ǹpútà: ẹ lo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí YouTube, kí ẹ kọ nǹkan kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí ẹ fọkàn sí jù. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo nǹkan tuntun ló dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú ti mọ́ ọn, ọwọ́ ò sì tíì mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń sá.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ka àbájáde rẹ̀

Ẹ sàmì sí èyí tó bá jẹ́ òótọ́:

- Mo padà sídìí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara mi ò yá.
- Nígbà tó bàjẹ́, ó ń wù mí láti mọ ìdí tó fi bàjẹ́.
- Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àṣìṣe lára iṣẹ́ àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀.
- Mo ń ronú rẹ̀ nígbà tí mo wà nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa.

Bí ẹ bá mú 3 tàbí 4, ẹ di í mú. Bó bá jẹ́ 1 tàbí òdo, ẹ dúpẹ́ pé owó kékeré lẹ fi mọ̀, kí ẹ kọjá sórí èkejì. Bó bá jẹ́ 2, ẹ fi ọ̀sẹ̀ 4 sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sí gbólóhùn kan. "Mo fẹ́ ran aráyé lọ́wọ́" ò tó. "Mo fẹ́ lówó" kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Irú èyí ló dáa: "Mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ tí ìṣirò ń dẹ́rù bà ládùúgbò wa, títí ẹ̀rù á fi kúrò lójú wọn." Ohun tí ẹ máa ṣe wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ máa ṣe é fún wà níbẹ̀, bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣeé ṣe náà wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Sísanwó ìkọ́ṣẹ́ kí ẹ tó wo iṣẹ́.* Ìwé àdéhùn tí ẹ bá tọwọ́ bọ̀ lè gba ọdún 2 tàbí 3 lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ṣe fírídọ̀mù, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sì í dá owó padà fún ọmọṣẹ́ tó bá sá lọ láàárín. Wákàtí 3 lórí àpótí ò ná yín ní nǹkan kan.

*Kíkọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù JAMB pinnu.* Kọ́ọ̀sì tí máàkì yín gbà kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wù yín. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ parí Ìgbésẹ̀ 4 kí ẹ tó kún fọ́ọ̀mù.

*Àwọn tó ń ta "owó kíákíá" lórí fóònù.* Ẹni tó bá ní òun á kọ́ yín ní iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 3, tó sì ń kán yín lójú pé lónìí ni ẹ gbọ́dọ̀ sanwó, ẹ pa fóònù náà. Àwọn tó sì ń fi jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì wọṣọ, inú mi ń bàjẹ́ gan-an nígbà tí ọmọ ọdún 17 bá ní ìyẹn lòun fẹ́. Mọ́tò ló wù ú, kò rí ẹni bá a sọ ọ́.

*Kí ẹlòmíràn ríran mú iṣẹ́ fún yín.* Àdúrà dáa, ẹ gbà á. Bí wòlíì tàbí ààfáà bá ní iṣẹ́ báyìí ni tiyín, ẹ fi kún àwọn tí ẹ máa dán wò, kó gba Ìgbésẹ̀ 4 àti 5 kọjá bíi tàwọn yòókù.

*Kíkéde rẹ̀ fáyé gbọ́.* Ẹ má gbé e sórí státọ́ọ̀sì kí ẹ tó parí nǹkan kan. Oríire tí wọ́n bá kí yín á ti jọ èrè iṣẹ́ lójú yín, ẹ ò sì tíì ṣe é.

Bí tiyín bá yàtọ̀

*Mi ò lè fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ láé.* Kò pọn dandan. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1920, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ló sì ń ṣe l'Ékòó nígbà tó ń fi àyè tó bá ṣí sílẹ̀ kọ ìtàn. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní London ní 1952. Àyè tó ṣí sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe báyìí lè tó.

*Ọmọ wà lẹ́yìn mi, mi ò ní wákàtí kankan.* Ẹ fi ìṣẹ́jú 30 rọ́pò wákàtí 2, kí ẹ sì jẹ́ kó gba ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ mú èyí tó ṣe é ṣe nílé.

*Ohun méjì ló wù mí.* Ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan á máa bọ́ yín, èkejì á máa dùn mọ́ yín, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

*Àwọn òbí mi ò gbà.* Ẹ má lọ fi ẹnu lásán bá wọn. Ẹ mú ohun tí ẹ ti ṣe dání: ìrọ̀rí, ojú ewé, ọmọ tó ti mọ ìyọkúrò àti ìyá rẹ̀. Ẹ wá àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá yín kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ̀ wọ́n létí, kó bá yín débẹ̀, kí òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú tán kí ẹ tó fèsì. Ẹ má sọ pé "Mi ò ṣe tiyín". Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní oṣù 6 kí wọ́n wá wò ó. Ẹ má sì lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń wá owó ilé ìwé kiri.